Ọmọ tó ń bi ológbò nípa oúnjẹ ẹ̀

Ọ̀dọ̀ ìdílé Júù kan ní Golders Green, ní London, ni mo ti ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọkùnrin ọdún 4, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu ẹ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Nílé wọn, ẹran àti wàrà kì í pàdé. Ìkòkò ọ̀tọ̀, àwo ọ̀tọ̀, ṣíbí ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹran, ó di wákàtí 3 kí wọ́n tó fẹnu kan wàrà. Àwọn Júù mìíràn tiẹ̀ ń dúró tó wákàtí 6. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka Bíbélì á ti mọ ibi tó ti wá: Ẹ́kísódù ló ní kí wọ́n má ṣe bọ ọmọ ewúrẹ́ nínú wàrà ìyá ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tá à ń bọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, a rí ológbò aládùúgbò tó ń lá wàrà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ yìí lóṣòó tì í, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé o jẹ eku lónìí? Ìgbà wo lo jẹ ẹ́?" Ológbò ń lá wàrà ẹ̀ lọ. Ló bá kọjú sí mi: "Àǹtí, ẹ gba abọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti jẹ eku, ìdí nìyẹn tí ò fi dáhùn." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú tiẹ̀ le koko. Kì í ṣe àwàdà o. Lọ́kàn tiẹ̀, òfin tó de òun náà ló de ológbò.

Wọ́n tún máa ń kan àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní mezuzah mọ́ òpó ilẹ̀kùn, awọ tí wọ́n kọ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí ló wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá ń wọlé, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á fẹnu ko ìka. A dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, ọmọ nawọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe nílé, ọwọ́ ẹ̀ bá bẹ́ẹ̀lì. Ó dún gan-an. "Àǹtí! Tibí ń dáhùn!"

Àmọ́ Àjọ Ìrékọjá ló dùn jù. Ohun tó ní ìwúkàrà kò gbọdọ̀ sí nílé fún odindi ọjọ́ 8. Lálẹ́ tó ṣáájú, wọ́n á fi ègé búrẹ́dì 10 pa mọ́ káàkiri, wọ́n á paná, àwọn ọmọ á máa fi àbẹ́là wá a, wọ́n á fi ìyẹ́ gbá a sínú ṣíbí onígi, ó di àárọ̀ kí wọ́n tó sun ún. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé fún tèmi, torí ọwọ́ ẹ̀ kò tíì tó àbẹ́là.

Wọ́n rí búrẹ́dì náà tán, ọmọ ò dáwọ́ dúró. Ó wá bá mi: "Àǹtí, ẹ yanu." Mo yanu. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó yẹ ẹ̀kẹ́ òsì wò, ó yẹ tọ̀tún. "Ẹ gbé ahọ́n sókè." Ó ní kò sí búrẹ́dì níbẹ̀. Ó wá kọjá sọ́dọ̀ ìyá bàbá ẹ̀ tó jókòó sórí àga: "Màmá àgbà, tiyín ò le rárá. Ẹ ṣáà bọ́ ọ síta."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ́ eyín náà lé e lọ́wọ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò.