Ehoro tí wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nílé

Ìbéèrè láti England:

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Àná ni dókítà ẹranko ṣe iṣẹ́ abẹ fún ehoro ọmọbìnrin mi, wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀, a sì gbé e wálé ní ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ká jọ sí igun kan, kò sì fi ẹnu kan oúnjẹ. Màmá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìjerò, ní kí a jẹ́ kó sùn, nítorí pé aláìsàn tó bá sinmi ni ara rẹ̀ ń tètè yá. Wọ́n tún fẹ́ fi òrí pa ojú ọgbẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ehoro rí, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú, àbúrò mi, ẹ sì bá mi kí Màmá. Kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, ẹ pe ilé ìwòsàn ẹranko náà, kí ẹ sọ fún wọn pé kò tíì jẹun láti àná. Ehoro tó bá lo nǹkan bíi wákàtí 12 láìjẹun ti wà nínú ewu.

Ìmọ̀ràn Màmá dára fún èèyàn, ṣùgbọ́n ìfun ehoro kì í sinmi. Koríko tó ń jẹ tọ̀sán-tòru ló ń ti èyí tó ti wà nínú rẹ̀ síwájú. Bí oúnjẹ tuntun kò bá wọlé, ìfun á dẹwọ́ iṣẹ́, afẹ́fẹ́ á kún un, inú á máa run ẹran náà, inú rírun yẹn á sì tún mú kó kọ oúnjẹ sí i. Ojú ọgbẹ́ ni gbogbo wa máa ń sáré wò, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì funfun sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè máa rí i. Ìgbẹ́ ehoro tí ara rẹ̀ le máa ń rí róbótó, ó sì máa ń pọ̀. Bó bá di wínníwínní, tó gbẹ, tàbí tí kò yàgbẹ́ rárá, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Ẹ gbé koríko gbígbẹ sí tòsí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi ewé olóòórùn bíi coriander tàbí parsley kan imú rẹ̀. Bí dókítà bá ní kí ẹ fi ọwọ́ bọ́ ọ, wọn á fún yín ní oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí ẹ ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, kí orí rẹ̀ nìkan yọ, kí ẹ ti síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ní àlàfo tó wà lẹ́yìn eyín iwájú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un sí i, kí ẹ dúró kó jẹ ẹ́ kó sì gbé e mì, kí ẹ má sì gbé orí rẹ̀ sókè, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ìrora pẹ̀lú wà nínú ohun tó ń dí i lọ́wọ́ oúnjẹ. Ehoro jẹ́ ẹran tí àwọn ẹran mìíràn ń pa jẹ, nítorí náà ó máa ń fi ìrora pamọ́. Ẹ ó rí i pé ó ká jọ, ojú rẹ̀ dé díẹ̀, ó sì ń lọ eyín kíkankíkan. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n fún yín ní meloxicam olómi, oògùn tó ń dín ìrora kù, kí ẹ sì lò ó bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ẹ má fún un ní oògùn èèyàn o. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni Ampiclox àti amoxicillin tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé wá láti ilé pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Bí a bá fún ehoro mu, ó ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá a da oúnjẹ, àwọn olóró á gbilẹ̀ nínú ìfun rẹ̀, ó sì lè kú.

Ẹ bá mi bẹ Màmá, kí wọ́n má fi òrí pa á. Yóò máa lá a, ìdọ̀tí á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kàn máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́: bó bá ń wú sí i, tó ń ṣọyún, tó ń rùn tàbí tó là, ẹ gbé e padà. Mi ò fara mọ́ kọ́là ńlá tí wọ́n ń fi sọ́rùn ajá, nítorí pé ehoro gbọ́dọ̀ lè fẹnu kan ìdí ara rẹ̀ láti jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tó ń ṣe é lóore. Aṣọ tí wọ́n rán fún ehoro sàn jù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi etí gbé e bí a ṣe ń ṣe nílé. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí.

Ìbéèrè láti Adó-Èkìtì:

Ẹ ṣeun. Láti Kánádà ni èmi àti ìdílé mi ti padà sílé, ehoro àwọn ọmọ wa náà yóò sì ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí láìpẹ́. Kò sí koríko inú àpò níbí, eṣinṣin sì pọ̀. Báwo ni ti wa?

Ìdáhùn:

Ẹ kú ilé o. Koríko tí ẹ fúnra yín gé, tí ẹ sì sá títí ó fi gbẹ dáadáa, ti tó, bí kò bá ṣe etí ọ̀nà tàbí oko tí wọ́n fín oògùn sí ni ẹ ti gé e. Ẹ lè fi yúnyún díẹ̀ kún un. Inú ilé ni kó wà títí ọgbẹ́ á fi jinná, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, lórí aṣọ mímọ́ tí ẹ ń pààrọ̀ ní kété tó bá tọ̀ sí i. Lẹ́búlẹ́bú pákó ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́. Ẹ máa wo abẹ́ ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, torí pé ẹyin eṣinṣin lè di ìdin láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n ń mú ara ehoro móoru nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lójú oorun abẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti jí tán, ooru Adó ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún: ibi tútù tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló yẹ ẹ́.

Bí wọ́n bá ní kó gbààwẹ̀ mọ́jú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ rán dókítà létí pé ehoro kò lè bì, àti pé ebi ló léwu fún un. Ẹ gbé koríko àti ewé tó mọ̀ dání lọ, kí wọ́n lè gbé e síwájú rẹ̀ bó bá ti jí.