Àbọ̀ lórí àmì ohùn tó ń di àpótí: ó ti yanjú o

Ẹ rántí pé mo ké gbàjarè síbí pé lórí ìkànnì tí mò ń ṣe fún ìyá aládìrẹ kan ní Lágeré, Ifẹ̀, gbogbo "ẹ́" àti "ọ́" ń di àpótí òfìfo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n yẹ fọ́ǹtì (àkójọ àwòrán lẹ́tà) wò, ẹ ṣeun. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ní ẹ̀yọ kan fún "ẹ", kò ní fún "ẹ́". Ńṣe la máa ń gbé àmì ohùn òkè (nọ́ńbà rẹ̀ ni U+0301) lé e lórí. Fọ́ǹtì aláràbarà tí mo fowó rà kò sì ní in. Owó mi gbé! Noto Sans, fọ́ǹtì ọ̀fẹ́, ló gbà mí.

Ìyá wo "ẹlẹ́kọ" (irú àdìrẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ yàwòrán sí) lórí ìkànnì náà nínú fóònù títí. "Ẹlẹ́kọ ti pé báyìí, ọmọ mi, àmọ́ aró ẹ ò tíì dúdú tó."

Mo ti dá àwọ̀ ìkànnì náà padà sínú ìkòkò.