Ìbàdàn ni tàbí Edinburgh? Ọmọ mi fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ọpọlọ

Ìyá Dọlá, Ìkẹ́rẹ́: Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 18, lóun fẹ́ kọ́ nípa ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní neuroscience. Kì í ṣe eré o. Iléyá tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sun ẹran, òun lọ gba orí àgbò lọ́wọ́ alápatà, ó fi ọ̀bẹ la ọpọlọ ẹ̀ sí méjì sórí àwo, ó ń yàwòrán ẹ̀ sínú ìwé. Ìyá ọkọ mi ò jẹ ẹran orí lọ́dún yẹn.

Ó ti ṣe A-Level, ó sì yege. Ìbàdàn fún un ní Physiology, ìyẹn ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, Direct Entry. Edinburgh, ní Scotland, fún un ní neuroscience gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Glasgow lóun á san ìdajì owó. Aṣọ ni mò ń tà, ẹ mọ bí ọjà ṣe rí. Èwo ni kí n mú?

Tíṣà Adó: Ẹ kú oríire. Direct Entry á gbé e wọ 200 level, ọdún 3 ló kù. Ọdún 4 ni wọ́n ń lò ní Scotland, kò dà bí England tó jẹ́ 3. Àmọ́ ẹ má fi ọdún 3 yẹn búra o. Ìyanṣẹ́lódì 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ.

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ má tíì dúpẹ́ ìdajì. Àbúrò mi wọlé sí Edinburgh ní 2022, a ti ṣírò gbogbo ẹ̀ ní náírà. Nígbà tí náírà já ní June 2023, ilẹ̀ bàbá wa la tà fi parí ẹ̀. Owó ìlera tún wà, £776 lọ́dún, ti gbogbo ọdún lẹ máa san pọ̀ kí físà tó jáde. Wákàtí 20 péré ni wọ́n sì gbà kó fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ilé-ìwé bá wọlé.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́: Ẹ bi í bóyá dókítà ló fẹ́ jẹ́. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó ń sọni di dókítà. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í mọ̀ àfìgbà tọ́mọ bá jáde.

Àgbà Òkèmẹ̀sí: Ta ní ń fojú tín-ín-rín Ìbàdàn? Ọmọ ìlú wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun, ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ lórí àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn lè rìn dáadáa, tó tọpa ẹ̀ dé májèlé inú ẹ̀gẹ́. Òun àtàwọn olùwádìí Indianapolis ní Amẹ́ríkà náà ni wọ́n jọ fi àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn wé àwọn dúdú Amẹ́ríkà lórí àrùn ìgbàgbé. Ti Ìbàdàn ló kéré jù! Kó lọ síbẹ̀ jàre. Máṣítà ọdún 1 ní Scotland ni kẹ́ ẹ fi owó ẹ̀gbọ́n yín ṣe.

Dàmọ́lá, Aberdeen: Mi ò gbà tán, bàbá. Ní Physiology, kídìnrín àti ọkàn á gba àkókò ẹ̀ ju ọpọlọ lọ. Òótọ́ ni pé ní Edinburgh náà, ọdún kẹta ló tó wọnú ọpọlọ dáadáa.

Ìyá Dọlá, Ìkẹ́rẹ́: Nọ́ọ̀sì, mo bi í. Ó lóun ò fẹ́ ṣe dókítà. Ó ní ìyá mi, tó ń fi orúkọ mi pe òun títí tó fi kú, ohun tó ṣe é lórí lòun fẹ́ mọ̀. Bàbá Òkèmẹ̀sí, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà láti tọ́jú owó náà de máṣítà. Ọjọ́ Ajé là ń lọ sí Ìbàdàn.