Ìrọ́lóyè kọ́, ìrọ̀lóyè náà kọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Mo rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun méjì tí ẹ dá, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lánàá. Ẹ ní kí á máa pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ìwárí bíi Google bá yí ètò padà, tí ìkànnì tó wà lókè wá já sísàlẹ̀, ní "ìrọ́lóyè". Ẹ ní kí owó tí èèyàn ń san kí wọ́n lè rí i lórí Google máa jẹ́ "ìpolówó àwárí".

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àmì ohùn bẹ̀rẹ̀. Rọ́ ni ti ọrùn ẹsẹ̀. Rọ̀ ni ti oyè: wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá, n kò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì fún rọ́ rí. Ẹni tó kọ ọ́ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ará Kogí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àmì ohùn, kó rántí pé nígbà tí wọ́n yọ wá lára Kwara ní 1991, wọn ò yọ ahọ́n wa.

Ká tiẹ̀ ní ìrọ̀lóyè lẹ kọ. Ta ló fi ìkànnì joyè? Kí wọ́n tó rọ èèyàn lóyè, afọbajẹ ti jókòó, wọ́n ti ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Oyè àwòdì pàápàá, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ní ẹni tó jẹ ẹ́ kò lè ṣe.

Àbúrò mi obìnrin kan ń ta aṣọ òfì lórí ìkànnì láti Kàbà níbí. Lọ́dún kan, àwọn ojúewé rẹ̀ já sísàlẹ̀ lójijì. Ó pè mí lóru: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?" Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń pa ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ rẹ́, bí ẹni tó ń wá ẹbọ tí yóò rú. Kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ dá yìí ló ń kó èèyàn sí irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Google fúnra wọn ń sọ ọ́ pé àyípadà gbogboogbò sí ètò ìwárí wọn, tí wọ́n ń pè ní core update, kì í ṣe ìjìyà fún ojúewé kankan. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 5 Ẹrẹ́nà 2024 gba ọjọ́ 45 kó tó parí; gbogbo ọjà ni wọ́n ń tún tò.

Màmá mi àgbà ta ẹ̀wà lọ́jà títí tó fi darúgbó. Nígbà tí wọ́n bá ṣí ìsọ̀ nípò, kì í sọ pé wọ́n rọ òun lóyè. "Wọ́n ti tún wa tò" ló máa ń wí. Á gbé àtẹ rẹ̀, á lọ wo ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Àtúntò nìyẹn. Ẹ máa ní àwọn òṣèlú ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà á padà.

Ibì kan wà tí ìrọ̀lóyè ti lè rí iṣẹ́ ṣe. Bí òṣìṣẹ́ Google bá fojú ara rẹ̀ wo ìkànnì kan, tó rí i pé ó ń ra ìlìǹkì (ìtọ́ka láti orí ìkànnì ẹlòmíràn) tàbí pé ó ń fi irọ́ tan èèyàn wá, ìwé ẹ̀sùn á wọlé sínú Search Console onítọ̀hún, ibi tí Google ti ń bá ẹni tó ni ìkànnì sọ̀rọ̀. Ó lè tún un ṣe, kó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n padà wò ó. Ìyẹn ní afọbajẹ, ó lẹ́sùn, ó lẹ́bẹ̀. Ẹ lò ó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n "ìpolówó àwárí" ló bí mi nínú jù. Mo gbọ́ pè, mo gbọ́ olówó, nínú polówó. (Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní owó lásán ló wà níbẹ̀; mo ṣì ń dúró de ẹ̀rí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.) Ẹni tó ń kiri irú ló ń pe olówó. Lórí ẹ̀rọ ìwárí, olówó ló ń pè! Ó tẹ "aṣọ òfì ìgbéyàwó", àwọn tó ti fowó sílẹ̀ wá ń dáhùn. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wá nǹkan ni Google ń lu ààyè ìdáhùn olówó náà ní gbàǹjo lọ́tun. Owó nìkan kọ́ ló sì ń pinnu, wọ́n ń wò ó bóyá ohun tí o gbé wá bá ohun tí wọ́n béèrè mu. Owó yìí kò sì gbé ojúewé tí ẹ̀rọ ìwárí ń gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ sókè rárá, àmọ́ "àwárí" yín ti po méjèèjì pọ̀ bí ọbẹ̀ àná. Kí ẹ yí i padà kì í ṣe àbùkù: àwọn tó ni ín pàápàá pè é ní AdWords láti 2000, wọ́n sọ ọ́ di Google Ads ní 2018.

"Ìjẹ́pè" ni mo fẹ́ dábàá, nítorí ẹni tí wọ́n pè ló ń jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú ti fi mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹni tó bá jẹ́ ìpè, ilé rẹ̀ là ń lọ kí àwọn ọmọ, ṣé àwọn òǹtajà mi ti kú ni. Mo ní ti Olúwa nìyẹn, tèmi kò ní Olúwa nínú. Kò gbà.

Àbúrò yín ní Kàbà.