Ìmọ̀ràn: orúkọ yàrá ilé ní èdè Manx

Olùbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gaelg, ìyẹn Manx, èdè àwọn ará Isle of Man, erékùṣù tó wà láàárín Britain àti Ireland, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ mú nínú orúkọ yàrá ilé? Ìwé wo ni kí n fi yẹ̀ ẹ́ wò?

Baba Gírámà: Bí a ṣe ń sọ “yàrá ìdáná” ni wọ́n ń sọ ọ́: shamyr, yàrá, ló ń ṣáájú, ìlò rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Shamyr aarlee ni ti ìdáná, shamyr oonlee ti ìwẹ̀, shamyr lhiabbagh ti ibùsùn, shamyr vee ti oúnjẹ. Bee ni oúnjẹ gan-an. Shamyr jẹ́ ọ̀rọ̀ abo, ó sì ń rọ kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e, ni bee ṣe di vee. Beg, kékeré, á di shamyr veg. Mooar, ńlá, á di shamyr vooar. Fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ aarlee àti oonlee, kò sí ohun tó máa rọ̀ níbẹ̀.

Àmì Abẹ́: Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù ni yn, “náà”. Yn shamyr kọ́ o! Yn çhamyr ni. “Nínú yàrá náà” sì ni 'sy çhamyr. Tó bá ti di púpọ̀, sh á padà: ny shamyryn. Ìrù abẹ́ ç yẹn ò yàtọ̀ sí àmì abẹ́ ṣ tiwa, ẹ má fò ó. Çh ń bẹ̀rẹ̀ bíi t, ó ń parí sí ṣ. Ch tí kò nírù, ọ̀fun ló ti ń wá, bí ẹni fẹ́ tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Méjèèjì wà nínú “Cha nel mee 'sy çhamyr”, n kò sí nínú yàrá náà.

Ìyá Ààrò: Ẹ má kọ orúkọ nìkan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ kọ iṣẹ́ ibẹ̀ mọ́ ọn: Ta mee cadley 'sy çhamyr lhiabbagh, mò ń sùn nínú yàrá ibùsùn. Ti oúnjẹ ni Ta mee gee, mò ń jẹun. Ta, ọ̀rọ̀ ìṣe, ló ṣáájú, ẹni tó ń ṣe é tẹ̀ lé e. Níbí ni kò ti jọ Yorùbá mọ́. Àlejò tún nílò C'raad ta'n premmee? Ibo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà? Çhiollagh ni ààrò ilé àtijọ́. Àwọn ilé oníkoríko wà ní Cregneash, abúlé tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1938, fún ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i.

Baba Gírámà: Ní ti ìwé, ìwé atúmọ̀ èdè Cregeen ti 1835 wúlò, torí ó ń to ọ̀rọ̀ tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn ti yí padà sáàyè tiwọn. Ẹni tó bá rí vee kò ní í máa wá bee kiri.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. “Yàrá oúnjẹ náà” á wá jẹ́ yn çhamyr vee, àbí?

Àmì Abẹ́: Òun náà ni. Méjèèjì ló yí padà.