Owó abẹ́rẹ́ ajá ti fẹ́ jẹ owó ilé mi

Ìyá Tanímọ̀la, Thamesmead
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán, kí ẹ wá bá mi dá sí i.

Ajá ni mo ní, abo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Màmá òyìnbó kan tí mo máa ń lọ tọ́jú nílé ló ni ín. Nígbà tí màmá yẹn kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó ajá tí kò lólówó sí, mo ní kí wọ́n gbé e fún mi. Daisy ni wọ́n ń pè é, èmi ni mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀la.

Láti oṣù Kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Mo máa bu abọ́ kún kí n tó lọ síbi iṣẹ́ òru, gbígbẹ ni n ó bá a láàárọ̀, ìtọ̀ á sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, bẹ́ẹ̀ ló ń rù. Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, ó yẹ kí n ti fura, àmọ́ ta ló mọ̀ pé ó ń ṣe ajá? Ọjọ́ tó dákú ni mo tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ó sùn síbẹ̀ lálẹ́ méjì: £1,870. Ínṣọ́ránsì tí mo sáré wá lẹ́yìn ìyẹn ní àwọn ò ní sanwó àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ kí àwọn tó dé.

Ní báyìí, ínsúlínì, sírínjì àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń lọ sí bíi £140 lóṣù. Fíísà iṣẹ́ ìtọ́jú ni mo fi wà níbí, n ò lè gba kọ́bọ̀ ìrànwọ́ ìjọba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fo abẹ́rẹ́ alẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìgò lè pẹ́. Ẹ má bú mi. Kí ni mo lè ṣe?

Bọ̀dá Houston
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ọdún mẹ́ta ni ajá tèmi fi gba ínsúlínì níbí. Walmart ni mo ti ń rà á, ti ènìyàn gan-an, Novolin N tó ní orúkọ ReliOn lára, nǹkan bíi $25 ìgò kan. Dókítà ajá mi ló rán mi lọ síbẹ̀. Bí mo bá rí ẹni tó ń bọ̀ ní London, n ó fi ìgò méjì rán an sí ọ.

Ọmọ Ìlá, Dublin
Ẹ má bínú sí mi o. Bàbá ẹlòmíràn wà nílé tó ń dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì kó lè débi tí oṣù parí sí. £140 fún ajá? Nílé bàbá mi, ajá tó bá ń ṣàìsàn kì í pẹ́ rí ẹni tó máa gbé e lọ.

Ìyá Tanímọ̀la
Mo gbọ́, Ọmọ Ìlá. Oògùn màmá mi ní Ìkìrun kò yẹ̀ rí, ọjọ́ tí owó bá wọlé ni tirẹ̀ ń lọ. Nínú ohun tí èmi fi ń jẹun ni ti ajá ti ń jáde. Tí mo bá ti iṣẹ́ òru dé, òun nìkan ló ń dìde kí mi nínú ilé yìí.

Alájá Leeds
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìgò Houston yẹn o! Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ìṣègùn ẹranko. Mo ṣì ń múra ìdánwò RCVS, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà ẹranko sílẹ̀, tí wọ́n máa ní ká ṣe kí á tó lè di dókítà níbí, torí náà olùrànlọ́wọ́ ni mo jẹ́ nílé ìwòsàn tí mo wà. Ohun tí mo bá sọ, ẹ fi tó dókítà yín létí.

Caninsulin, ínsúlínì tí wọ́n sábà ń fún ajá níbí, yúnìtì 40 ló wà nínú mílílítà kan. Ti ènìyàn tí Bọ̀dá ń sọ, 100 ni. Sírínjì méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Tí ẹ bá fi sírínjì tó wà nílé yín fa ti 100 dé ìlà kẹwàá, yúnìtì 25 lẹ ti gún sára ajá. Ṣúgà rẹ̀ á já wálẹ̀, gìrì á mú un, ó sì lè kú. Ẹ yẹ ara sírínjì yín wò, U-40 ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ sábà máa ń pupa. Bọ̀dá kò purọ́. Dókítà tiwọn ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ti 100 ni. Níbí, oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún ẹranko ni òfin ní kí dókítà kọ́kọ́ lò, pé ti ènìyàn dínwó kò tó ìdí.

Ibi tí owó yín ti lè dínkù ni ìwé oògùn, èyí tí ẹ lè fi rà á níbòmíràn. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi dù yín, àfi pé ó lè gba owó kíkọ rẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ lọ́nà tí ẹ fi lè rà á ní ìgbà mélòó kan, kí ẹ má baà máa sanwó ìwé lóṣooṣù. Kí ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta oògùn ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí VMD, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oògùn ẹranko, forúkọ wọn sílẹ̀ nìkan. Ẹ bi wọ́n bóyá inú yìnyín ni wọ́n máa gbé e wá.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́, ẹ má fò ó mọ́. Alẹ́ méjì tó sùn yẹn lẹ tún ń ránṣẹ́ pè. Tí kò bá jẹun, ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó gún un. Tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ fi oyin pa á ní èrìgì, kí ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè kan: ṣé wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀? Abo tí wọn ò tíì yọ tirẹ̀, lẹ́yìn ìgbà tó bá wá akọ, ohun tó máa ń sun jáde nínú ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí ínsúlínì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àǹtí Ewúro, Birmingham
Omi ewúro ńkọ́? Ife kan láàárọ̀. Òun ló bá ọkọ mi gbé ṣúgà wálẹ̀.

Alájá Leeds
Àǹtí, ẹ ṣé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ ínsúlínì, a ò ní mọ èyí tó já ṣúgà wálẹ̀. Ẹ má sì fún un ní ọbẹ̀ àjẹkù, àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Suwíìtì tí wọ́n kọ “kò ní ṣúgà” sí náà, bí xylitol, ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, bá wà nínú rẹ̀, májèlé ni fún ajá.

Ìyá Ìbejì, Woolwich
Ọmọ mi, wọ́n á dárúkọ PDSA àti Blue Cross fún ọ, àwọn àjọ àánú tó ń tọ́jú ẹran. Wọ́n ń ṣe dáadáa, PDSA ti ń tọ́jú ẹran àwọn tálákà láti 1917. Ṣùgbọ́n póòsìkóòdù rẹ ni wọ́n máa wò, àti bóyá o ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba bíi Universal Credit. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ fún un tìtorí ajá, fíísà rẹ ni wàá fi dáná. Pe RSPCA àdúgbò rẹ, àjọ àánú ẹranko ni àwọn náà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ná owó wò káàkiri. Ní 2013, nínú ilé ìwòsàn ẹranko mẹ́wàá, nǹkan bí ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá; nígbà tí CMA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìdíje láàárín àwọn iléeṣẹ́, fi máa sọ̀rọ̀ ní 2024, ó ti fẹ́ẹ̀ tó mẹ́fà. O lè kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kó jẹ́ olówó kan náà ló ni méjèèjì, orúkọ ara ògiri ni kò jọra. Torí náà béèrè ẹni tó ni ín. Pe mẹ́rin, kọ iye tí wọ́n pè é sínú ìwé, kí o sì bi wọ́n bóyá VAT wà nínú rẹ̀, torí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe owó kékeré. Gbèsè tó wà nílẹ̀, má sá fún wọn. Lọ bá wọn lójúkojú, sọ iye tí o lè máa san. Mú ẹnì kan dání. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ.

Ìyá Tanímọ̀la
Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá mi lọ. Nígbà tí mo béèrè ìwé oògùn, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú wò mí títí, ó wọlé, ó jáde, ó ní £19. Ìgò tí mo ń rà ní £48 lọ́dọ̀ wọn, £27 ni mo rí i, ó dé nínú páálí pẹ̀lú yìnyín. Gbèsè yẹn, a fẹnu kò sí £60 lóṣù. Dókítà náà gbà kí n máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò fúnra mi nílé, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti etí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọn fi hàn mí, ọwọ́ mi gbọ̀n ju ti ajá lọ. Mo jẹ́wọ́ abẹ́rẹ́ tí mo fò, kò bú mi.

Wọn ò tíì yọ ilé ọmọ rẹ̀. Iye tí wọ́n pè é pọ̀, ẹ̀yìn oṣù Kẹ̀sán-án ni mo dá a sí.

Ọmọ Ìlá, ẹ ṣeun £20 yẹn, mo rí i. Aago méje ti fẹ́ lù. Tí mo bá ti ṣí fíríìjì báyìí, á ti dé, á yí ẹ̀yìn ọrùn sí mi kí n tó fa sírínjì.