Kíká Kúwátẹ́ẹ̀tì Kẹjọ Shostakovich sílẹ̀: kí ló sábà máa ń bàjẹ́?

Olùta sẹ́lò
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi àwo bọlá fún Dmitri Shostakovich, olùkọ orin ọmọ Rọ́ṣíà, nípa kíká Kúwátẹ́ẹ̀tì Kẹjọ rẹ̀ sílẹ̀ (orin fáyólìn méjì, fíólà kan tó tóbi jù wọ́n díẹ̀, àti sẹ́lò kan tó tóbi jù lọ), ẹ kọ́kọ́ tọ́jú sẹ́lò. Òun ló ń ṣíde pẹ̀lú nótì mẹ́rin: D, E-flat, C, B. Àwọn ará Jámánì ń pe E-flat ní Es, tó ń dún bíi lẹ́tà S, wọ́n ń pe B ní H. D-Es-C-H, orúkọ bàbá náà nìyẹn lọ́nà tí Jámánì ń gbà kọ ọ́: D. Sch. Ó ń pe ara rẹ̀ bí onídùndún ṣe ń pe olówó òde. Fíólà á gbà á, fáyólìn kejì á gbà á, kó tó kan fáyólìn kìíní. Bí nótì kan bá yẹ̀, orúkọ ẹlòmíì lẹ pè yẹn.

Okùn C ló ń fa wàhálà. Bí ẹ bá yí okùn láti A dé D, dé G, dé C tí gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara létí, C á ti rẹlẹ̀ jù. Okùn E fáyólìn á wá fi senti 22 (100 senti ló wà láàárín nótì kan àti èyí tó sún mọ́ ọn jù lórí dùùrù) ga ju ibi tí C yẹn fẹ́ ẹ sí. Ẹ dín àlàfo àárín àwọn okùn náà kù díẹ̀díẹ̀ kí C lè gòkè. Kò sí kúwátẹ́ẹ̀tì tí èyí kì í bá fínra, àmọ́ C minor ni ilé orin yìí, kò síbi tẹ́ ẹ máa sá sí.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ
Apá márùn-ún, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, wọn kì í sì í dúró láàárín. Kò sí ìdákẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ lè fi ọ̀bẹ sí láti gé ohun tẹ́ ẹ ká kẹ́ ẹ sì so ó pọ̀. Ẹ ta á lódindi lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó máa mú un ní abala. Abala yẹn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú oríkèé tẹ́ ẹ ti máa so ó pọ̀, kẹ́ ẹ sì ta kọjá rẹ̀, torí ìró nótì tó ṣáájú gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú yàrá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, etí á gbọ́ ojú ọ̀bẹ.

Apá kejì ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n ẹ̀rọ, kí ibi tó le jù má kọjá -10 dB lórí òṣùwọ̀n ìró ẹ̀rọ, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin, ní 24 bit (bí ẹ̀rọ ṣe ń ka ìró fínnífínní tó). Ẹni tó bá fi Largo ìbẹ̀rẹ̀, apá tó ń rọra lọ, díwọ̀n, iná pupa ló máa rí. Apá kejì yẹn ń já irun ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta okùn, ó sì ń dẹ okùn, ẹ yẹ okùn wò lẹ́yìn gbogbo títa kọ̀ọ̀kan.

Olùta fíólà
Ní apá kẹrin, fáyólìn á di nótì gígùn kan mú, àwọn yòókù á kan ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kí fáyólìn yí ọ̀pá padà lábẹ́ ìkànkùn, kó má yí i nínú ìdákẹ́jẹ́. Ẹ má kánjú láàárín ìkànkùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwo ti ń kú.

Ẹ tún ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé inú àwo. Gohrisch, nítòsí Dresden, ló ti kọ ọ́, 12 sí 14 oṣù keje 1960, ó sì fi sọrí àwọn tí fáṣíìsì àti ogun pa. Àmọ́ nínú lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Isaak Glikman, ní 19 oṣù yẹn, ó ní ìrántí ara òun gan-an ni. Ẹ kọ méjèèjì.

Fún ohun tó máa bá a wà nínú àwo, Kúwátẹ́ẹ̀tì Kẹta Schnittke, olùkọ orin ilẹ̀ Soviet (1983), bá a mu, nótì mẹ́rin yẹn wà nínú rẹ̀. Ẹ fi Kẹẹ̀ẹ́dógún Shostakovich kún un, Adagio mẹ́fà (apá tó ń rọra lọ), bíi 35 ìṣẹ́jú: bíi 75 ni gbogbo rẹ̀, ó wọ inú CD kan. Kẹẹ̀ẹ́dógún ni kó gbẹ̀yìn. Kí lẹ tún fẹ́ ta lẹ́yìn ìyẹn?

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ
Ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́yìn nótì ìkẹyìn. Kẹ́nikẹ́ni má gbé ọ̀pá sílẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má ṣí ìwé.